Awò Ìbọn Tí Mo Yàn Lọ́sàn-án Gangan

Ní gbogbo Ìlútítun, kò sẹ́ni tó mọ awò ìbọn yàn bíi tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì yàn án láyé mi, èyí tí kò dáa ni mo sì mú.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọn ò lé mi o, ara mi ni ò gba àga. Tí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n bíi ti télọ̀ tó wà lórí máṣíìnì. Bàbá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Igbódìgò. Mo ní ọdẹ ni mo fẹ́ ṣe. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọdẹ wo? Ìwọ tí adìẹ ilé gan-an ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ tó ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ìmàdò ń hú ẹ̀gẹ́ wa lóko, ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi fi ń ṣe pupuru. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, tí ojú bàbá mi kì í ríran dáadáa mọ́. Òyìnbó gẹdú kan tí bàbá mi máa ń mú wọ igbó ti fún un ní ráífù kó tó padà sílùú rẹ̀. Ó tún fi awò méjì sílẹ̀ ní sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ gẹdú wọn l'Ókìtìpupa, ó ní kí bàbá mi mú ọ̀kan. Orí ìbọn ni wọ́n ń de irú awò bẹ́ẹ̀ mọ́. Téèyàn bá fojú sí i, ohun tó jìnnà á wá sítòsí.

"Ojú ọ̀dọ́ ni kó lọ yàn án," bàbá mi ní. "Tó bá dáa, ìwọ lo máa gbé ìbọn lóko. Tí ò bá dáa, ó di Igbódìgò lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Bàbá àgbà kan ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ náà. Ó gbé awò méjèèjì sórí tábìlì. Ọ̀kan kúrú, ó sanra, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu agolo mílíìkì. Èkejì gùn, ó tín-ín-rín, ó ní òrùka kan lára téèyàn lè máa yí kí nǹkan túbọ̀ súnmọ́. Mo gbé èyí tó sanra lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo wo ọkùnrin kan tó ń kọ ẹyìn lórí ọ̀pẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rí ọkùnrin. Mo gbé èyí tó tín-ín-rín, mo yí òrùka rẹ̀ dópin. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀, mo rí òógùn rẹ̀, mo rí i tó ń họ ìdí. Ẹ̀rín pa mí.

"Èyí ni, sà."

"Ìgbà wo lẹ máa ń lò ó?" bàbá náà bi mí.

"Ìrọ̀lẹ́ ni."

"Jókòó nígbà náà. Tílẹ̀ bá fẹ́ ṣú, kí o tún fi méjèèjì wòta."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, jókòó ló rí sọ. Oòrùn ṣì wà láàárín orí. Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ wo àwọn tó ń yí igi gẹdú nílẹ̀, mo padà. Mo tún jókòó. Ìgbà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ Ìlútítun, mo ti dìde kí n tó mọ̀.

"Bàbá, ojú mi ti mọ èyí tó dáa."

"Ọ̀sán lojú rẹ mọ̀," ó ní. Ó wé e sínú bébà fún mi.

Nílé, gbogbo àdúgbò ló fojú sí i. Ìyá mi wo inú rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Gbé e kúrò, ọma mi. Ẹnu orogún mi tó wà lọ́hùn-ún ti tó mi, má gbé e súnmọ́ mi."

Ọjọ́ Sátidé, bàbá mi de awò mọ́ ìbọn, a lọ sóko. Orí igi tó wó la jókòó sí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa lójú. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni ń di ewúrẹ́ mú. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, a gbọ́ tí igi ẹ̀gẹ́ ń dá nínú oko. Mo fojú sí awò.

"Kí lo rí?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Òkùnkùn."

"Ìmàdò ńkọ́?"

"Òkùnkùn náà nìkan ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó súnmọ́ mi gan-an."

Mo yọjú kúrò. Ojú lásán rí wọn, ẹ̀yìn wọn ń lọ sókè sódò bí ẹ̀yìn àwọn tó ń roko. Mo padà sínú awò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yí òrùka síwá, mo yí i sẹ́yìn. Àwọn ìmàdò jẹ ebè kan tán, wọ́n bọ́ sí òmíràn, wọ́n jẹun yó, wọ́n lọ sílé wọn. Mi ò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bá a ṣe ń bọ̀ wá sílé, bàbá mi wà níwájú, ẹnu mi ò dákẹ́. Mo ní ẹnu awò náà ló kéré jù, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù ní ìrọ̀lẹ́ ò rí ọ̀nà wọlé. Mo ní eléyìí tó sanra, tẹ́nu rẹ̀ fẹ̀, òun ló yẹ. Mo ní lọ́la, mo máa gbé e padà lọ, mo máa jókòó ti bàbá yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò ní dìde, kódà tí èèrà bá ń jẹ mí. Nígbà tá a délé, bàbá mi gbé ìbọn kọ́ sára ògiri, ó bọ́ bàtà.

"Bàbá, mo ní mo máa lọ pààrọ̀ rẹ̀."

"Àárọ̀ yìí ni mo ti ránṣẹ́ sí káfíńtà," ó ní.