Ògiri Yàrá Ìyá Mi àti Obìnrin Inú Tẹlifíṣàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Bí a ṣe bá a nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bèèrè ìdí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọkùnrin agboolé á pe àáró, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á sì lọ. Ìgbà náà ni àwọn ìyá wa yóò rán wa lọ kó ìgbẹ́ màlúù ní gàá àwọn Fúlàní. Wọn yóò pò ó mọ́ omi èèpo irúgbá, wọn yóò sì fi ọwọ́ rẹ́ ògiri náà títí yóò fi máa dán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní gbàgbé òórùn rẹ̀. Kò sí ọmọ tó fẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ yẹn, àmọ́ wàrà gbígbóná tí àwọn obìnrin gàá máa ń bù lé wa lọ́wọ́ kò jẹ́ ká lè kọ iṣẹ́. Ẹni tó bá sì da ìgbẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà, ọwọ́ lókè, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Nígbà tí ìyá mi jáde opó, àbúrò bàbá mi tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Rábíù ní òun yóò ṣú u lópó. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò ní fẹ́ ọkọ mọ́. Lọ́dún náà gan-an ni àgbàrá jẹ ìdí ògiri ẹ̀yìn yàrá rẹ̀, ògiri náà sì là láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyàwó ilé tí yàrá rẹ̀ bá wó lé e lórí, tí kò ní ọkọ tí yóò tún un mọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí nígbà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì dúró sí ilé bàbá tiwọn. Ìgbòho ni ilé bàbá ìyá mi. Bí ògiri yẹn bá wó, Ìgbòho ni ó ń lọ, èmi Múfú àti àbúrò mi obìnrin á kù sí Ṣakí.

Bàbá Rábíù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ìyá mi bá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pe àáró, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Ọkọ ló ń mọ ògiri, Ìyá Múfú. Wá ọkọ fún ògiri yẹn."

Mo rántí àwọn ọkùnrin yẹn dáadáa. Ìdí ayò ni wọ́n máa ń wà láti ìyálẹ̀ta títí dìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí ẹlòmíràn nínú wọn bí lọ́dún tó mọ ògiri kẹ́yìn ti ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ògiri, ẹ ó rò pé àwọn ló mọ àpáta tó yí ìlú ká.

Ilé Àlájì kan tó ń kó ọjà láti ẹnubodè ni tẹlifíṣàn wà ní àdúgbò wa. Àwòrán rẹ̀ kò ní àwọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ ọ̀pá rẹ̀ tó wà lórí òrùlé, ojú rẹ̀ á máa ta yẹ́ríyẹ́rí. Ọkùnrin á jókòó sórí àga, obìnrin àti ọmọdé á jókòó sórí ẹní. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ètò ìtọ́jú ilé jáde, obìnrin ló sì ń ṣe é. Ó wọ ṣòkòtò, ó fi aṣọ di irun, ó ń tún ògiri tó là ṣe. Àǹtí Atúnléṣe ni àwa ọmọ sọ ọ́. Kò kàn lẹ amọ̀ mọ́ ojú ibi tó là. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ títí ó fi dé ibi tó le, ó wọ́n omi sí i, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí i.

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ọkọ rẹ̀ ní láti jẹ́ ọ̀lẹ. Bàbá Rábíù ní, "Bí obìnrin bá ti ń mọ ògiri, kí la wá wà fún?"

Ìyá Rábíù, ìyàwó rẹ̀, dá a lóhùn láti orí ẹní: "Ayò ni, Bàbá Rábíù."

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń lọ sílé, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé o rí i bó ṣe kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ dé ibi tó le?"

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ọkùnrin lọ kírun. Kí wọ́n tó dé, àwọn obìnrin ti wó ògiri náà lulẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ́ ìdí rẹ̀ dé ibi tó le. Ìyá Rábíù ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí, nítorí obìnrin wo ló ń wá orogún? Ó gbé ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń tẹ amọ̀ bí ẹni tó ń tẹ orogún náà mọ́lẹ̀. Àwa ọmọ ń pọn omi, àwọn ìyá ń kó amọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́, àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin dé, wọ́n dúró nínú aṣọ funfun wọn. Baálé bèèrè ẹni tó pe àáró. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni, Bàbá. Àwọn tí mo bá rẹ́ ògiri wọn láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí ni mo pè."

Baálé wo Bàbá Rábíù, ó sì wọlé lọ. Àáró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá dúró. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe tiwọn. Bàbá Rábíù ní òjò àkọ́rọ̀ ni yóò dá ẹjọ́ náà, ló bá lọ jókòó sídìí ayò.

Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ti mọ ògiri náà parí, òjò náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tòun ti ìjì. Gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ògiri obìnrin bí ẹni ń retí àlejò. Òjò dá, ògiri kò mira. Kò sí ẹni tó yìn ín. Bàbá Rábíù ní òjò náà kò le tó. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí lọ́dún kejì, bẹ́ẹ̀ ló ń wí títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Inú yàrá yẹn ni ìyá mi ti tọ́ wa dàgbà, níbẹ̀ náà la sì ti gbé e jáde lọ sin.

Lóde òní, bíríkìlà tí a ń bẹ̀ níṣẹ́ ló ń kọ́lé, tẹlifíṣàn sì wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó ń tún ilé ṣe nínú rẹ̀, àwọn tí eruku bò dé ìpéǹpéjú, tó ń gun àkàbà, tí wọ́n á sọ fún kápẹ́ńtà pé iṣẹ́ tó ṣe kò dára, kó tú u. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi á pàtẹ́wọ́. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Èmi nìkan ni mo ń wò ó báyìí.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wá kí èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á yínmú sí àwọn obìnrin náà, wọ́n á ní ta ni yóò fẹ́ irú wọn. Èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù, òrùlé rẹ̀ ń jò láti ọdún mélòó kan, korobá ló gbé sábẹ́ rẹ̀. Òun ló sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Tíṣà, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọ? Opó kan wà tí mo ní lọ́kàn."

Ògiri ni wọ́n fi fẹ́ mú ìyá mi láyé ọjọ́un. Èmi, ìkòkò ọbẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé ìyá mi kò torí ògiri fẹ́ ọkọ, èmi náà kò ní torí ọbẹ̀ fẹ́ ìyàwó. Ó ní kí n dín ohùn tẹlifíṣàn kù, pé ariwo obìnrin yẹn pọ̀ jù. Mi ò dín in kù.