Ògiri tí Wọ́n Fi Ẹfun Kùn, Tísà tí Wọ́n Pè ní Ọ̀lẹ

Tísà Adébíyìí kú ní ìlú Ìyìn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ibà ló pa á. Lọ́jọ́ ìsìnkú, alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ìjọ wa l'Ádó dìde, ó ní, "Akọni olùkọ́ ti lọ." Akọni kẹ̀! Ẹnu kan náà ló pe ọkùnrin yìí ní ọ̀lẹ níwájú ìjọ lọ́dún tó kọjá. Ìgbà tí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí ìdánwò ọdún bá parí, tí àwọn tísà yòókù ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ṣe Kérésìmesì, òun á mú èédú, á máa kọ ọ́ sára ògiri ẹ̀yìn kíláàsì: ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Bí ọdún bá yí, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní bí àwọn ẹlòmíì. Á kọjú sí ògiri rẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ti kùnà ní èṣí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa là ń pe Monínúọlá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ní olódo. Tísà wo ògiri, ó rí i pé ìṣirò tí wọ́n bá fẹnu bi í ló ń gbà, èyí tí wọ́n bá kọ sójú pátákó ló ń pàdánù, ọdún méjì tẹ̀léra. Ó ní, "Ojú ọmọ yìí ni kò ríran jìnnà, kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀." Ó gbé e síwájú. Lónìí, Monínúọlá ló ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá ìjọ.

Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ pé ọ̀gá alábẹ̀wò ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ kó àwọn obìnrin jọ pé kí wọ́n fi ẹfun kun ilé-ìwé tinú tòde, kí ojú má bàa tì wá. Ṣìkẹ́, tó wà lára wọn, bi alága pé, "Bàbá, èyí tí tísà kọ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí èédú yẹn? Ẹ kùn ún."

Àlejò dé, ó yin ògiri, ó jẹun, ó lọ. Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa lápálápá.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ń béèrè ìdí tí kò fi kọ ọ́ sínú ìwé? Ó bẹ̀ yín fún ìwé, ẹ ní kó lo ohun tó bá rí. Èédú ló rí. Ọmọ tó lé ní ọgọ́ta ni. Orí ta ló lè gba gbogbo rẹ̀? Nígbà tí kò rí ògiri rẹ̀ wò mọ́, tí àwọn ọmọ wá kùnà lọ́dún náà, ta ni ẹ dá lẹ́bi? Ẹ ní ọ̀lẹ ni, ẹ lé e lọ sí Ìyìn. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ kò sunkún létí sàréè. Ó ní, "Uṣẹ́ ni baba yìí ṣe títí ó fi kú. Ọmọ ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi."

Alága, a kò fẹ́ òkúta ìrántí lójú oórì rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ dìde níwájú ìjọ kan náà, ẹ sọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n kun ògiri, ẹ sì sọ pé Adébíyìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi ipò náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ìjọ ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣe àmín nígbà tí wọ́n bà á lórúkọ jẹ́? Lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe kọ orin kankan títí alága yóò fi sọ̀rọ̀.