Ìyá Pẹ̀lúmi Kò Nàka sí Wa

Bí ẹ bá fẹ́ parọ́ ní àdúgbò wa ní Kàbà, ẹ má ṣe é níwájú Ìyá Pẹ̀lúmi. Tíṣà ìṣirò ni, Sarah lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un. Èmi, Ìyá Emmanuella, aládùúgbò rẹ̀, ó ti dójú tì mí tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ la ti máa ń ṣeré olè abúlé. A ó mú bébà tí a ká. Ẹni tó bá mú èyí tí a fi báírò sàmì sí ni olè, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. A ó máa bi ara wa léèrè títí a ó fi nàka sí ẹnìkan. Ojú làwa fi ń wá olè tiwa: ta ló ń làágùn, ta ló ń rẹ́rìn-ín àrínjù. Ìyá Pẹ̀lúmi kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ wa ló ń gbé léra, èyí tí kò bá bára mu ló ń dì mú. Lọ́jọ́ kan, Destiny, tí òun àti ọkọ Ìyá Pẹ̀lúmi jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìyàrà, fọwọ́ sọ̀yà pé èmi kì í ṣe olè. Ìyá Pẹ̀lúmi ní, "Báwo lo ṣe mọ̀? Ti ara ẹni lèèyàn mọ̀. Olè nìkan ló lè mọ̀ pé ẹlòmíràn kì í ṣe olè." Destiny ju bébà sílẹ̀, àmì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ọláníran, bàbá Pẹ̀lúmi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìdí tí òun kò fi ní àlè nìyẹn.

Inú a máa bí mi sí obìnrin yìí. Ṣé èèyàn kò lè ṣeré lásán ni?

Lọ́jọ́rú kan, ọkọ̀ akẹ́rù kọ lu ọ̀kadà tó gbé Ọláníran lójú ọ̀nà Ìyàrà. Ojú ẹsẹ̀ ló kú. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu opó lẹ́ẹ̀kan náà. A ó ní ó fara pa, a ó ní ó wà ní ọsibítù, títí èèyàn yóò fi pé yí i ká, kí ẹni tó yẹ, bíi pásítọ̀, tó túfọ̀. Ọlọ́runlékè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ṣáájú, èmi tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo obìnrin Kàbà, ẹni tí a fẹ́ lọ parọ́ fún nìyí!

"Okun o, ìyàwó wa," ni Ọlọ́runlékè kí i. "Ọláníran ṣubú lórí ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ló fi ṣèṣe. Wọ́n fún un lóògùn, láti àárọ̀ ló ti ń sùn."

"Ó ní ká kí ọ," ni mo fi kún un. Ẹnu mi kò dúró.

Ìyá Pẹ̀lúmi wojú mi. Ẹni tó ń sùn láti àárọ̀, tó tún ń kí èèyàn! Ó béèrè jẹ́ẹ́ pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Destiny," ni Ọlọ́runlékè dáhùn.

Kò tíì panu dé tí Destiny fi wọlé, òun àti àwọn ìyá ìjọ, kò sì sí èyí tó lè gbójú sókè nínú wọn. Ìyá ìjọ kì í sì í rọ́ wá sílé ẹni nítorí ẹsẹ̀ tó ṣèṣe.

Mo rí i tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa léra. Mo rí i tó débi tó já sí. Mo ń dúró kó nàka sí wa, kó mú wa, kí ẹrù náà lè bọ́ lọ́rùn mi. Kò nàka sí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di etí ìró mi mú.

"Ìyá Emmanuella, ó ń sùn, àbí?"

Ọlọ́runlékè kọjú sí ògiri. Kí ni mo fẹ́ wí?

"Ó ń sùn."

"Ó sì ní kí ẹ kí mi?"

"Ó ní ká kí ọ."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mò ń tún un sọ títí Pásítọ̀ fi dé.