Àsọtẹ́lẹ̀ Tí Ìbíwùnmí Kò Sọ

Ìbíwùnmí kì í ṣe wòlíì. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì sí ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbafo, ṣùgbọ́n Mowe ló ń gbé. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ rẹ̀ ní kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà làdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò. Àwọn nọ́ńbà náà níye, ayé sì ń gbà wọ́n bí ẹni gba omi ọ̀fẹ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé, ká tó rí bí ọdún mẹ́ta sí i, tuntun ò ní sí mọ́.

"Yéè! Òpin ayé dé!" Màmá Adéyẹ́misí, olórí ẹgbẹ́, ti fò dìde. Kí Ìbíwùnmí tó sọ pé irú àdírẹ́sì mìíràn ti wà nílẹ̀ tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, àdúrà ti gba gbogbo ilé kan.

Kò pẹ́ tọ́rọ̀ fi dé Asese tó wà nítòsí pé arábìnrin kan ríran pé íńtánẹ́ẹ̀tì máa kú. Bùrẹ́ímọ̀, tó ní sáíbà káfè lẹ́bàá bọ́sítọ́ọ̀bù, wá bá a nílé.

"Àǹtí, kí ni mo fi ṣe yín? Àwọn oníbàárà mi ò wá mọ́. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ fi ohun tó ń kú lọ ṣe."

Ojú ti Ìbíwùnmí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ríran kankan. Ìṣirò lásán ni."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Jónà náà fẹ́ sá fún iṣẹ́ tí Olúwa rán an. Arábìnrin, ẹ má sá o."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìbíwùnmí rọra jókòó. Bó bá sẹ́, wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó kúkú ti gbà.

Ló bá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà káfè Bùrẹ́ímọ̀, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò séwu. Àwọn obìnrin tó ń kọjá rí i lóòótọ́.

"Òun alára ti ń kó tiẹ̀ jáde!"

Kò pẹ́ tí ìjókòó fi tán. Oníkálukú fẹ́ tẹ ímeèlì àti fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun jáde kó tó pẹ́ jù. Mojísọ́lá, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Malaysia, di ọwọ́ Ìbíwùnmí mú, ó ń sunkún.

"Ẹ bá mi bẹ Olúwa, kí ímeèlì ọmọ tèmi má kú."

"Màmá, kò sóhun tó máa ṣe ímeèlì yín."

"Àmín! Ẹ ṣáà gbé ọwọ́ lé mi lórí."

Ìbíwùnmí wò yíká. Kò síbi tó lè gbà. Ó gbé ọwọ́ lé obìnrin náà lórí, ó gbàdúrà. Nígbà tó lajú, àwọn mìíràn ti kúnlẹ̀ tì í.

Ó fa Bùrẹ́ímọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jọ̀ọ́, bá mi ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n á gbọ́ tìẹ."

Bùrẹ́ímọ̀ ń ki bébà tuntun sínú pírintà. Kò gbójú sókè.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo lẹ tún ń bọ̀?"