Súwẹ́tà Tí A Kò Fọ̀

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi gbé báàgì mi jáde nílé wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹ̀rù sì ti ń bà mí kí n tó dé ojú títì. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ojo ni mí. Èmi ni àgbà nínú ọmọ ìyá wa, síbẹ̀ ẹ̀yìn àwọn àbúrò mi ni mo ń sá sí bí a bá rí ejò. Ṣùgbọ́n Màmá ló rán mi, ta ni yóò sì kọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀? Àbúrò mi ọkùnrin, Délé, ń ṣe tíṣà ní Kuru, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mọrẹ́nikẹ́, ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta, Màmá kò sì tíì fojú kàn án rí. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́.

Wọn kò ní kí n gbé ọmọ wá. Aṣọ kan tí ó ti wọ̀ sára ni wọ́n ní kí n bá àwọn mú bọ̀.

“Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ o,” ni wọ́n wí. “Bí ojú mi ò bá rí i, kí imú mi gbóòórùn rẹ̀.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì ni mo ń ṣe tà, imú ni mo sì fi ń mọ̀ bí ó bá ti jinná nínú ààrò. Iṣẹ́ tí Màmá rán mi yé mi dáadáa.

Ní Kàbà ni mo ti wọ ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì. Náírà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nígbà náà, wọ́n sì fún mi mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti òbúkọ méjì. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi etí aṣọ bo imú. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Akwanga, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Níbẹ̀ ni agbo màlúù kan ti dínà mọ́ wa. Darandaran ń fi ọ̀pá lù wọ́n, wọn kò gbà láti kọjá. Wọ́n na imú sílẹ̀, wọ́n ń ké, wọ́n ń fi pátákò họ ilẹ̀, funfun ojú wọn ń hàn.

Mo bi awakọ̀ wa, ọmọ Ìlọrin kan, pé kí ló dé.

“Ọkọ̀ pa ọ̀kan nínú wọn síbí lánàá,” ó dá mi lóhùn. “Òórùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.”

“Ẹ̀jẹ̀ dà? Èmi ò rí nǹkan kan.”

“Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ìyá mi. Ojú wa ni wọ́n lè dà á bò, wọn ò lè dà á bo imú màlúù.”

Inú igbó ni darandaran náà padà kó wọn gbà. Àwa kọjá lórí yẹ̀pẹ̀ náà, ara mi sì bù máṣọ. Mo ń wò ó pé bí ẹran tó tóbi tó báyìí bá ń bẹ̀rù ohun tí ojú kò rí, kí ni kí èmi ṣe?

Òtútù ni ó kọ́kọ́ pàdé mi ní Kuru. Nílé wa, oṣù Ògọ́sì ni òjò máa ń dá díẹ̀. Níbẹ̀, òjò kò mọ ìsinmi, kùrukùru sì ń wọlé láràárọ̀ bí àlejò tí kò mọ àgò kíkí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò jọ tiwa. Igi gíga kan wà káàkiri tí ewé rẹ̀ ń ta sánsán bí oògùn ọ̀fìnkìn. Àwọn Hausa ń pè é ní turare, ìyẹn lọ́fínńdà.

“Sannu da zuwa, Àǹtí! Ẹ káàbọ̀ o!” Bísí, ìyàwó Délé, ló sáré pàdé mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Gangare, àdúgbò àwọn Hausa ní Jọ́ọ̀sì, ni wọ́n bí i sí, Hausa sì máa ń ṣíwájú Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Gwaggo ni Mọrẹ́nikẹ́ ń pè mí, bí àwọn Hausa ti ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ràn mi lọ́jọ́ kan náà. Orí ẹní mi ni ó ń sùn, tí yóò ti orí bọ abíyá mi.

Bísí mú mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Gangare. Bí ìṣe àwọn Hausa, àwọn ará ilé náà fọ́n èèpo igi olóòórùn dídùn sínú iná, wọ́n gbé e sí ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó gbé omi wá. Omi ni àwa fi ń ṣàlejò nílé. Èéfín ni tiwọn. Mo jẹ kósé níbẹ̀, àkàrà wa náà ni, ẹyọ kan kọ́bọ̀ márùn-ún, ó sì dùn.

Ṣùgbọ́n n kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ní Kuru. Ohun méjì ló fà á. Èkíní, ẹ̀yìn ilé Délé kún fún kòtò ńláńlá tí àwọn awakùsà ti wa kuza, tánganran ni, láyé àwọn òyìnbó. Wọ́n kó kuza lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀, omi òjò sì kún un dẹ́nu. Kò sí ọgbà, kò sí okùn, etí rẹ̀ sì ń ya wọ inú omi. Èkejì ni Bíńgò, ajá pupa tí í ṣe ti Mama Pam, obìnrin Berom, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Délé. Láti ọjọ́ tí mo dé ni ajá náà ti ń kùn mọ́ mi. Ẹ kúkú mọ ohun tí a máa ń jẹ nílé wa lọ́dún Ògún.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Délé wí, ẹ̀rín ń pa á, “òórùn àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń gbọ́ lára yín.”

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí n padà, mo jẹ́ iṣẹ́ Màmá fún Bísí. Ó la ẹnu sílẹ̀.

“Haba, Àǹtí! Kí n fi aṣọ ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi? Wallahi, wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé.”

Kò gbọ́ tèmi. Gbogbo aṣọ ọmọ náà ló kó sínú omi ọṣẹ, ó rẹ wọ́n ní sítáàṣì, nígbà tí kò sì sí oòrùn, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ wọ́n gbẹ títí wọ́n fi dúró gan-an. N kò lè bá a jà, ìtìjú rẹ̀ tọ́ sí ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n mo ti yára yọ súwẹ́tà tí ọmọ fi ń sùn, mo dì í sínú ọ̀rá, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi. Bísí wá a títí, kò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí kànga tó wà lẹ́yìn ilé. Délé lọ wá ọkọ̀ fún mi. Èmi àti Bísí ń di ànàmọ́ òyìnbó tí n óò gbé lọ sílé. Bísí gbójú sókè, ó ní, “Rẹ́nikẹ́ dà?”

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀.

A pè, a pè, kùrukùru ń gbé ohùn wa mì. Omi inú kòtò yẹn nìkan ni mo ń rò. Bísí ti ń sunkún ní Hausa, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà. Délé sáré dé, ó mú igi gígùn, ó lọ ń fi í wá inú omi. Nígbà tí mo rí i tí ó ń ti igi náà bọ omi, mo di ojú mi.

Mama Pam gbọ́ igbe wa, ó fi okùn fa Bíńgò wá.

“Ku kawo rigarta,” ó wí. Kí á mú aṣọ rẹ̀ wá ni. Ó nawọ́ sí òkè, níbi tí àrá ti ń kùn. Délé túmọ̀ rẹ̀ fún mi: bí òjò bá fi lè rọ̀, òórùn ẹsẹ̀ ọmọ yóò bá a lọ.

Bísí mú gáùn kan wá. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó yíjú kúrò. Ọṣẹ ni. Ó mú òmíràn wá, ọṣẹ náà ni. Ó sáré lọ fa aṣọ ìbora wa wá. Bíńgò ki imú bọ̀ ọ́, ó gbé orí sókè, ó sì wá tààrà sọ́dọ̀ mi, ó ki imú bọ ìró mi. Mo ní ẹ̀san dé. Mo ní gbogbo ajá tí mo jẹ láyé ló rán an wá. Mama Pam fà á sẹ́yìn, nígbà náà ló sì tó yé mi: èmi àti ọmọ la jọ ń da aṣọ yẹn bora, òórùn tèmi ló bo tirẹ̀.

Mo ta kìjí wọlé. Mo da gbogbo ẹrù mi sílẹ̀, mo já ọ̀rá yẹn. Bísí rí súwẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó yà lọ́nà fún mi.

Bíńgò ki gbogbo orí bọ inú súwẹ́tà. Lẹ́yìn náà ó fa okùn, ó dorí kọ ọ̀nà omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà omi. A tẹ̀ lé e nínú kùrukùru, mo di ẹ̀yìn aṣọ Mama Pam mú. Ní etí kòtò, ajá náà dúró, ó gbóòórùn omi, ó sì ń ké tín-ín-rín. Bísí wó lulẹ̀. Ajá náà lọ síwájú díẹ̀, ó padà, ó yà sápá òsì, ó ń tọ etí omi lọ, ó gun òkìtì yẹ̀pẹ̀ àwọn awakùsà.

Ibẹ̀ ni Mọrẹ́nikẹ́ wà lábẹ́ igi turare, ó káwọ́ mọ́ orúnkún, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù. Iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti ya.

“Gwaggo,” ó wí, ó sì nawọ́ sí ojú omi, “masara.”

Àgbàdo ni masara. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó gbọ́ ọ: àwọn kan tí a kò rí ń sun àgbàdo ní òdìkejì omi, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn rẹ̀ bọ̀. Imú ọmọ ló fà á jáde nílé dé etí ikú. Bísí gbé e mọ́ra, ó ki imú bọ ọrùn rẹ̀, ó ń fà á símú. Èmi tí mo ń sá fún ajá, mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ Bíńgò, mo sì sunkún sí i lára. Súwẹ́tà náà wà láàárín wa. Bíńgò kò kùn mọ́ mi.

“Ẹ má sọ fún Màmá o,” ni Délé bẹ̀ mí kí n tó wọ ọkọ̀. “Àyà wọn á já.” Mo ṣèlérí.

Màmá kò bi mí léèrè ọ̀nà nígbà tí mo délé. Ọwọ́ ni wọ́n nà. Wọ́n gbé súwẹ́tà sí imú, wọ́n di ojú wọn, omi sì bọ́ lójú wọn. “Ọmọ Délé nìyí,” ni wọ́n wí. Wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. “Ajá wà níbẹ̀.”

“Ajá alámùúlégbè wọn ni, Màmá. Ó máa ń bá ọmọ ṣeré.”

Wọ́n gbé e símú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì la ojú.

“Òógùn rẹ náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ òógùn rẹ tí ẹ̀rù bá bà ọ́. Kí ló ṣe ọmọ mi?”

Kò sí bí mo ṣe lè purọ́ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọṣẹ dé orí àgbàdo. Wọn kò pariwo. Wọ́n ká súwẹ́tà náà, wọ́n tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí ọdún Ògún dé, àwọn ará agboolé gbé abọ́ tiwa wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ata rẹ̀ sì ń ta sánsán. Mo ti ń wá ṣíbí. Màmá ní kí wọ́n gbé e padà.

“Ilé yìí kì í jẹ ajá,” ni wọ́n wí.

Ẹnu ya ẹni tó gbé e wá. “Màmá, láti ìgbà wo?”

“Láti orí Mọrẹ́nikẹ́.”