Ìtàn Tí Àmúdàtù Ń Fi Dirun

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má gbé orí yín lọ fún Àmúdàtù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé kan náà la jọ ń gbé ní Mushin, yàrá wa kọjú síra wọn, mo sì ti bú u títí ẹnu fi ro mí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Irun tí onídìrí mìíràn yóò dì tán kí ìrẹsì tó jinná lórí iná, Àmúdàtù lè fi odidi ọ̀sán kan dì í. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ẹnu rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ráyè.

Ìtàn ló ń sọ. Á gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, á fi orí oníbàárà sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, á ya irun, á sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá o. Ìtàn obìnrin kan ni, Adékẹ́mi, tó ń yan ẹja ní Makoko, tí ọkọ rẹ̀, Ọlápàdé, lọ gé gẹdú nínú igbó tí kò sì padà wálé. Irọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi pé òpin gan-an kò sí. Bí a bá rò pé ìyà tó jẹ Adékẹ́mi ti tó, Àmúdàtù á tún fi kún un. Ó jẹ́ kí iná jó àtíbàbà tó ti ń yan ẹja. Ó jẹ́ kí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta nínú òjò. Ó jẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé alaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀, tó ń fi àwo dé e, tí ajá sì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀. Ìgbà tí gbogbo wa bá ti ń pòṣé, tí ẹlòmíràn ti ń nu ojú, ni nǹkan kékeré kan á yọjú: agégẹdú kan á ní òun rí ọkùnrin kan tó jọ Ọlápàdé létí odò, tàbí kí ẹnì kan mú fìlà kan wá. Ibẹ̀ ni Àmúdàtù á ti so irun parí, á sì ti èèyàn léjìká. "Ó tó. Ẹ dìde. Ó dọjọ́ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí ràn débi pé ní Sọ́ńdè kan, ní àsálátù wa, nígbà tí Alhaja tó ń ṣáájú àdúrà ní ká bẹ Ọlọ́run fún àwọn èèyàn wa tó wà lájò, obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àti Ọlápàdé!" Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, tọkàntọkàn. Ó di ìgbà tí a ń wá bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Inú bí mi débi pé n kò bá Àmúdàtù sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ sọ ọ́. Kòfowórọlá ni.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Kòfó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Surulere, ó sì máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ nítorí ọwọ́ Àmúdàtù. Ọkọ rẹ̀, Ọládèjì, ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń pẹja lójú òkun. Láti apá Ijora ni wọ́n ti máa ń gbéra. Ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1986, ọkọ̀ náà jáde, kò sì dé mọ́. Àwọn tó ni ín kọ́kọ́ ní kí àwọn ẹbí máa retí, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì lè kú kí omi gbé ọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú. Nígbà tó yá, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn, a ò rí ẹni bi mọ́. Ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ń han gbogbo wa léèmọ̀ ni, kálukú ń wá bí yóò ṣe jẹun. Ta ló fẹ́ bá ọmọlọ́mọ wá ọkọ̀ tó sọnù?

Àwọn àna Kòfó ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kó tú irun rẹ̀, kó wọ dúdú, kó jókòó sílé bí opó, kí wọ́n lè ṣe ìsìn fún olóògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kòfó kọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé opó kì í dirun. Ọjọ́ tí obìnrin bá ti tú irun rẹ̀ nítorí ọkọ, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ òun ti kú nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Kòfó kì í fi í pa Sátidé jẹ. Bí irun ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò bá tíì gbó, á tú u nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa níbẹ̀, Àmúdàtù á sì tún un dì kó tó dìde. Kò sẹ́ni tó rí i láìdirun rí.

Mo bi Àmúdàtù nígbà kan, nígbà tó ku àwa méjì, pé kí ló dé tí kò mú Ọlápàdé délé kí gbogbo wa lè sinmi.

"Tí mo bá mú un délé, tí ọkọ Kòfó ò dé ńkọ́?" ló fi dá mi lóhùn. "Á mọ̀ pé mo kàn ń tan òun jẹ ni. Tí mo bá sì pa á, mo ti bá wọn pa tiẹ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀nà ni kó ṣì máa wà."

"Ìyà tó ò ń fi jẹ ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Kí ni gbogbo iná yẹn, gbogbo òjò yẹn?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Haleemah, tí ayé bá rọ Adékẹ́mi lọ́rùn, ṣé Kòfó á gbà á gbọ́ ni? Á ní irọ́ ni mò ń pa. Ìyà yẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ni."

Àmúdàtù mọ ohun tó ń sọ. Kò tíì lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ọkọ rẹ̀, bàbá Fatai, kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní nígbà tí òun wà nínú yàrá opó, sùúrù nìkan ni gbogbo èèyàn ń bẹ òun pé kí òun ní, kò sẹ́ni tó sọ ohun kan tí òun lè máa rò di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an, ọ̀la ni Iléyá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, àwọn àgbò ń ké káàkiri àdúgbò, èmi sì jókòó, mo ti tú irun mi sílẹ̀ bíi ti wèrè, nítorí pé èmi ló kàn lẹ́yìn Kòfó. Kojúsọ́kọ ni Àmúdàtù ń dì fún un. Ó ti dì í dé ìdajì, ìdajì tó kù dúró gbàgà sókè. Adékẹ́mi wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà, ó ń lọ sí etí igbó láti lọ wo ọkùnrin tí wọ́n ní ó ń ṣàìsàn níbẹ̀, tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn obìnrin méjì kan ya wọlé láti inú òjò. Ẹ̀gbọ́n Ọládèjì, Rosaline, ló ṣáájú, ó gbé báàgì dání. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, arúgbó kan tó gbẹ bí igi, tó wé gèlè mọ́rí dé etí.

"Kòfó, dìde," ni Rosaline wí. Kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. "A délé ẹ, wọ́n ní o wà níbi tó o ti ń ṣoge."

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

Rosaline wo orí rẹ̀. "Kojúsọ́kọ! Ọkọ wo lò ń kọjú sí? Ṣé ojú ò tì ẹ́ ni?"

Orí Kòfó wà láàárín orúnkún Àmúdàtù, mo sì rí i tí orúnkún náà fún un mọ́ra. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Kòfó wí, "wọn ò tíì rí i."

"Inú òkun ni! Ta ló fẹ́ lọ bá ẹ wá a? Pásítọ̀ ti fún wa ní déètì. Gbogbo ẹbí ti gbà, ìwọ nìkan lò ń dá wa dúró. Wo Màmá! Wọn ò jẹun, wọn ò sùn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bá a lọ ni?" Ó ṣí báàgì. Aṣọ dúdú ló kọ́kọ́ yọ, ó gbé e lé ẹsẹ̀ Kòfó. Lẹ́yìn náà ló yọ sísọ́ọ̀sì. "Ibí yìí náà la ti máa tú u. Èyí tí kò bá ṣe é tú, a máa gé e."

Rosaline na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ irun kan mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Gbogbo wa hó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa kí ọwọ́ ẹni méjì wà nínú orí kan. Ó yára yọwọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Ẹ ṣeun," ni Àmúdàtù wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Àǹtí, èmi kì í fi orí sílẹ̀ láàbọ̀. Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ò ṣe é rí. Ẹ bá Màmá wá ibi jókòó. Tí mo bá parí rẹ̀, tó bá wù ú kó tú u, òun ló ni orí ẹ̀."

Mo dìde fún ìyá náà, wọ́n jókòó. Rosaline dúró tì wá, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé Àmúdàtù á panu mọ́, á fi gbogbo ipá dì í. Rárá o. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ níbi tó dá a dúró sí. Adékẹ́mi dé etí igbó. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé e kúrò lánàá. Obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ ní kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ẹja yíyan fún un, ńṣe ló máa ń gbóòórùn rẹ̀ pẹ́ kó tó jẹ ẹ́.

"Ìyàwó ta nìyẹn?" Ìyá arúgbó ni. A ti rò pé wọn kò gbọ́ nǹkankan.

"Adékẹ́mi ni, Màmá," obìnrin tó jókòó tì wọ́n dá wọn lóhùn kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Ní Makoko. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọkọ ẹ̀ ti lọ."

"Ọdún mẹ́ta! Ó ṣì ń retí rẹ̀?"

"Ó ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, Màmá."

Ìyá náà di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn tutù. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ mú mi lọ bá a. Mo fẹ́ bi í bó ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ bi í bó ṣe ń sùn."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wo ilẹ̀. Rosaline ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò. "Màmá, stórì ni! Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún Kòfó látọjọ́ yìí, ìyẹn ni ò jẹ́ kó gbọ́ràn."

Ọwọ́ Àmúdàtù dúró nínú irun. Ìyá náà yíjú sí i. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó purọ́. Èmi tí mò ń pè é ní òpùrọ́ láti ọjọ́ yìí wá, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Lóòótọ́ ni, Màmá," ni Àmúdàtù wí. "Èmi ni mo rò ó. Kò sí Adékẹ́mi kankan."

Ìyá náà jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ. Omijé ń bọ́ lójú Kòfó sórí aṣọ dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti parí, wọ́n máa tú irun náà lójú wa. Rosaline sún mọ́ ọn.

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá náà wí. "Ìwọ tó o rò ó, ṣé o máa pa á?"

"Rárá, Màmá. Mi ò ní pa á."

Ìyá náà gbọ́wọ́ sókè, wọ́n tú gèlè wọn. Irun funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti lọ́ mọ́ra wọn gátagàta, òòyà kò kàn án láti ìgbà pípẹ́.

"Ọjọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ náà ò dé ni mo ti tú u," ni wọ́n wí. "Mo ń fi gèlè bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ìyàwó rẹ̀ ò sin ín. Èmi ìyá tó bí i ni mo ti sin ín." Wọ́n wo ọmọ wọn. "Rosaline, kó ẹrù yẹn padà sínú báàgì."

"Màmá..."

"Mo ní kó o kó o padà."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Rosaline. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó fọwọ́ bojú, ó fara ti ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé, àbúrò rẹ̀ ṣáà ni Ọládèjì. Àmúdàtù di ẹsẹ̀ irun tó kù lórí Kòfó, ó sì so ó parí.

"Haleemah, ìwọ ló kàn," ló wí fún mi.

Mo ní kó gba Màmá. Mo fi ìborí ṣọdún Iléyá lọ́dún yẹn, inú kò sì bí mi. Kòfó fúnra rẹ̀ ló di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tó mú wọn jókòó sáàárín orúnkún Àmúdàtù. Àmúdàtù da epo sọ́wọ́, ó fi pa irun náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ń tú u ní wúnrẹ̀n wúnrẹ̀n kó má baà dùn wọ́n.

"Irú èwo ni ká dì, Màmá?"

"Ṣùkú," ni ìyá náà wí. "Òun ni mo máa ń dì nígbà tí Ọládèjì wà ní kékeré. Dì í kó dára, ọmọ mi. Mo ti gbó, mo sì ti rù. Mi ò fẹ́ kó ṣì mí mọ̀ tó bá dé."