Dókítà Tí N Kò Ní Kúnlẹ̀ Fún

Wọ́n ní mo ṣe àfojúdi. Kí wọ́n máa wí. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní Pọ́bẹ̀ ní obìnrin tó ní dókítà nínú ẹbí, tó tún gun ọ̀kadà lọ wá dókítà mìíràn ní Sakété, ìgbéraga ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi náà ní tèmi láti sọ, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Aṣọ ni mo ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà, àwọn obìnrin Pọ́bẹ̀ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ. Nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, ẹnu yẹn ló kọ́kọ́ kú. Oníbàárà á jókòó, á máa ṣàlàyé bó ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ rẹ̀ rí, èmi á máa wo ètè rẹ̀, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àyà mi á máa já láìsí ohun tó já a. Mo lè tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí n má lè gé e, kí omijé máa bọ́ sórí aṣọ aláṣọ. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, inú mi á bàjẹ́ pé ó mọ́.

Wọ́n bi mí pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé ọkọ rẹ lù ọ́ ni? Kò lù mí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onigbolo ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò bá mi jà. Kí wá ló ṣe ọ́? Ẹ gbà mí o! Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá jókòó máa sunkún ni?

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kí n jí mọ́. Mo lọ́mọ, àwọn ọmọ náà ṣì kéré, síbẹ̀ mo ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí. Mo mọ̀ pé tí n kò bá rí dókítà tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí létí, àìsàn tí kì í ṣe tèmi ni wọn á máa fún mi lóògùn rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dé etí ẹbí, wọ́n lè ní orí mi ti dàrú, kí wọ́n gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi.

Àbúrò ọkọ mi ni dókítà tí wọ́n ń wí. Ó ní kàbínẹ̀ tirẹ̀ ní Pọ́bẹ̀, níbi tó ti ń gba aláìsàn. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. N kì í pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá rí i, ìkúnlẹ̀ ni. Ìyàwó ilé kúkú ni mí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló mú mi lọ, torí aláìsàn kì í dá lọ bá dókítà nínú ẹbí wọn. Ẹni tó bá tẹ̀lé ọ ló máa bá ọ sọ àìsàn rẹ. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń wà lórí ìkúnlẹ̀ sọ pé ayé sú òun nínú ilé yín?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Kì í sùn. Ó ń ronú jù."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó wa, kí lò ń rò? Àbí a ò tọ́jú rẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ ń tọ́jú mi, ọkọ mi. Ẹ ṣeun." Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn oorun, ó ní kí n dín ìrònú kù. Hùn! Bíi kéèyàn fa igi kan kúrò lábẹ́ ìkòkò.

Mo lo oògùn náà. Mo sùn, mo jí, ìbànújẹ́ ti jókòó dè mí. Mo tún padà lọ, mo tún kúnlẹ̀, mo tún ní ẹ ṣeun. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà ni inú bí mi, inú gidi. Ṣé wọ́n fẹ́ kí ọ̀wọ̀ pa mí ni?

Oníbàárà mi kan wà, ọlọ́jà ni ní Sakété, ó ń ta aṣọ. Òun ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà lọ́hùn-ún tó ń tọ́jú irú àìsàn yìí.

Mo ní, "Dókítà wèrè kẹ̀?"

"Òun ló tọ́jú èmi náà. Ṣé mo jọ wèrè lójú rẹ?"

Mo wò ó. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń bá mi jà nítorí apá aṣọ tó fún un jù. Kò jọ wèrè rárá.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ọkọ mi ní, "Kí wọ́n máa wá sọ pé ìyàwó mi ya wèrè? Kí ni kí n sọ fún àbúrò mi?" Mo bi í pé, "Ṣé àbúrò yín ló ń ṣàìsàn ni?" Àwọn kan nínú ẹbí ní tí mo bá máa lọ náà, kí n lọ sí Àjàṣẹ́ tó jìnnà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Kí n máa yọ́ lọ bí olè! Mo ní Sakété ni mò ń lọ, ojú ọ̀sán ni màá sì lọ. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n òun tẹ̀lé mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ìborùn bo ojú lórí ọ̀kadà kí wọ́n má bàa dá a mọ̀. Èmi wọ aṣọ tó pupa jù nínú gbogbo aṣọ tí mo rán fún ara mi.

Ọ̀dọ́ ni dókítà náà, kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ègùn ló bá wa sọ, àwa méjèèjì sì gbọ́ ọ. A ò tíì jókòó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Kì í sùn, ó ń ronú..."

Mo yíjú sí i. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí níta."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá mi."

"Èmi lò ń lé jáde lójú àlejò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bínú sí mi tá a bá délé." Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo di ilẹ̀kùn náà mú títí ó fi jáde.

Mo wá sọ ọ́. Lórí àga ni mo ti sọ ọ́, ojú mi nínú ojú rẹ̀. Dókítà náà kò pariwo, kò bi mí pé ìyàwó ta ni mí. Ó bi mí bóyá mo ti gbèrò láti pa ara mi lára. Mo ní rárá, kí n má ṣáà jí ni. Ó bi mí nípa oúnjẹ, nípa àwọn ọmọ, nípa oògùn tí mo ti lò. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Ó ní oògùn tí òun fẹ́ fún mi kì í yá, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n lára, n kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi, kí n sì máa padà wá. Mo sunkún níbẹ̀ títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìròyìn ti délé kí a tó fọ eruku ẹsẹ̀ wa. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àbúrò ọkọ mi dé. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti di ojú mọ́rí. Mo kúnlẹ̀ kí dókítà wa bó ṣe yẹ, mo dìde, mo fa àga, mo jókòó kọjú sí i.

Ó ní, "Ìyàwó wa, kí lo ní tí o kò lè sọ fún mi? Dókítà ṣáà ni mí."

Mo ní, "Ọkọ mi, ká ní mo sọ fún yín níjọ́sí pé mò ń bẹ Ọlọ́run kí n má jí mọ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

Ọkọ mi gbórí sókè wò mí, torí òun náà kò gbọ́ ọ rí. Àbúrò rẹ̀ ronú. Mo ti sọ pé èèyàn dáadáa ni, kò parọ́.

"Màá pe ẹ̀gbọ́n mi. Màá ní kí wọ́n pe ẹbí jọ."

"Kí ni ẹbí máa sọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n á ní kí wọ́n dá ọ padà sílé bàbá rẹ títí ara rẹ á fi yá. Kí àwọn ọmọ dúró sọ́dọ̀ wa."

Mo ní, "Ìdí tí mo fi lọ sí Sakété nìyẹn. Màá sì tún lọ."